Búrẹ́dì Tí Ìyá Mi Kì Í Tọ́ Wò

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ilé wa nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹ má wulẹ̀ béèrè nọ́ńbà ojúlé. Ẹ sáà bọ́ sílẹ̀ ní Siluko Road ní ìlú Benin, níbi tí àwọn káfíńtà ti ń kan bẹ́ẹ̀dì lẹ́bàá títì, kí ẹ wá jẹ́ kí imú yín máa mú yín lọ. Níbi tí ìtasánsán búrẹ́dì gbígbóná bá ti borí òórùn pákó àti epo mọ́tò, ilé wa nìyẹn. Ìyá mi ló ń ṣe búrẹ́dì náà, nínú ààrò ńlá kan tí wọ́n fi dírọ́ọ̀mù àti amọ̀ pupa ṣe lẹ́yìn ilé. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni a ó ti máa gbọ́ gbì! gbì! gbì! bó ṣe ń la ìyẹ̀fun tó ti pò mọ́ pákó. Lẹ́yìn náà, Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, a wúkọ́ nínú yàrá rẹ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà lóhùn rara, a máa dárúkọ wa fún Ọlọ́run lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìgbà tí tíṣà bá ń pe orúkọ ní kíláàsì. Mama Osaro, onílé wa, ọmọ Edo gidi, a fèsì láti ojú fèrèsé tirẹ̀ pé, "Mama Funmi, keep my own bread o!" Èmi ni Fúnmi náà. Bàbá mi nìkan ni kì í pariwo nínú ilé yẹn. Iṣẹ́ tìmùtìmù àga ló ń ṣe, ó ní ṣọ́ọ̀bù lójú títì, abẹ́rẹ́ sì máa ń wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà púpọ̀, bóyá ìdí tí kì í fi í sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ìyá mi ní òfin kan tí kò gba jíjiyàn: ohun tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ẹnu rẹ̀ kọjá. "Ẹnu alásè ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú ìkòkò," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. A bu búrẹ́dì àkọ́yọ jẹ, a dijú, a máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, gbogbo wa a sì dúró bí ẹni ń retí èsì ìdánwò. "Ṣúgà ti pọ̀ jù." "Bọ́tà kò dé ìsàlẹ̀." Ọbẹ̀ ni o, mọ́ínmọ́ín ni o, ògì ni o, bí kò bá tíì tọ́ ọ wò, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Àfi ohun kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ Sátidé tó bá ṣáájú Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù, ó máa ń ṣe búrẹ́dì pẹlẹbẹ kan tí kò ní yíìsì rárá, èyí tí ìjọ wa ń lò fún Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Ìyẹn, kò jẹ́ tọ́ ọ wò. Ìyá Àgbà a gbé àpótí rẹ̀ sún mọ́ ààrò, a jókòó tì í bí ọlọ́dẹ, títí wọn yóò fi fi aṣọ funfun wé e. "A kì í tọ́ oúnjẹ Olúwa wò ní ilé ìdáná," ni Ìyá Àgbà máa ń sọ. Ìyá mi a ní, "Mo gbọ́, Ìyá," a sì nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ara ìró.

Kí ẹ má bàa rò pé ìjà wà láàárín àwọn méjèèjì, ẹ jẹ́ kí n yára sọ ọ́ pé Ìyá Àgbà kì í jẹ ẹ̀bà ẹlòmíràn láyé yìí àyàfi ti ìyá mi. Ọ̀rọ̀ omi ló wà láàárín wọn. Ìjẹ̀bú ni wọ́n bí ìyá mi sí, inú ìjọ Áńgílíkà. Ọmọ ọwọ́ ni nígbà tí wọ́n wọ́n omi sí i lórí, nígbà tó sì dàgbà, bíṣọ́ọ̀bù gbé ọwọ́ lé e lórí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni ti bàbá mi ní tirẹ̀, Onítẹ̀bọmi láti ìrandíran. Lọ́dọ̀ tiwọn, bí wọn kò bá tíì rì ọ́ bọ inú omi látòkè délẹ̀, kí pásítọ̀ sì na ọwọ́ ọ̀tún ìdàpọ̀ sí ọ lójú gbogbo ìjọ, o kò lè jẹ oúnjẹ náà. Nígbà tí ìyá mi fẹ́ bàbá mi, ó ṣèlérí pé ìjọ ọkọ òun ni òun yóò máa lọ, kò sì yẹ àdéhùn yẹn ní ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tún un rì bọmi? Rárá o! "Ọlọ́run kì í ṣe ẹni tí à ń sọ orúkọ fún lẹ́ẹ̀mejì," ó ní. "Ó ti gbọ́ tèmi láti ọjọ́ yẹn, kò sì tíì gbàgbé." Ìyá Àgbà a mí kanlẹ̀. "Omi tí kò tó bọ́jú, ṣé òun ni yóò wá fọ ẹ̀ṣẹ̀?" Ìyá mi a sì lọ bu oúnjẹ fún un.

Ẹ wá wo Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù. Díákónì ni bàbá mi, òun ló sì máa ń gbé àwo búrẹ́dì lọ sí apá tí àwa máa ń jókòó sí. Ìyá mi a wà ní ìkángun bẹ́ǹṣì, Ìyá Àgbà a tẹ̀ lé e, èmi a há sáàárín Ìyá Àgbà àti ògiri. Bàbá mi a dé ọ̀dọ̀ wa, a na àwo sí ìyàwó rẹ̀, ojú rẹ̀ a sì lọ sókè, sí ibi tí fáànù wà. Ìyá mi a gba àwo náà, a gbé e fún Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà a mú tirẹ̀, a dá àwo padà fún un, ìyá mi a sì tún gbé e fún bàbá mi. Òun tó pò ó, tó yan án, tó fi aṣọ wé e, òun náà ló tún ń gbé e fún ẹlòmíràn jẹ! Nígbà yẹn, mo rò pé bóyá kò fẹ́ràn rẹ̀ ni. Àmọ́ ní báyìí, tí èmi náà ti di ìyàwó ilé, tí mo ti mọ bí ó ṣe rí kí ọkọ ẹni dúró síwájú ẹni kó má lè fún ni ní nǹkan, mo mọ̀ pé àwo yẹn wúwo lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, òjò àkọ́rọ̀ gbé ìjì kan wá tí kò ní ìtìjú rárá. Ó ṣí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tó wà ní òpópónà kejì sí tiwa bí ẹni ṣí ìdérí ìkòkò. Páànù kan fò dé inú ọgbà wa, ó wó ọ̀gẹ̀dẹ̀ Mama Osaro lulẹ̀, ìyẹn náà sì bú ìjì náà ní èdè Edo títí ó fi rọlẹ̀. Ibo ni àwọn èèyàn wọ̀nyí yóò ti máa sìn? Pásítọ̀ wa, ọkùnrin títóbi tí ohùn rẹ̀ kéré, ló ní kí wọ́n máa bọ̀ nínú gbọ̀ngàn tiwa, kí wọ́n máa ṣe ìsìn tiwọn láàárọ̀ kùtùkùtù kí tiwa tó bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ìyá mi ti ń tètè mú mi jáde nílé ní Sọ́ńdè. Kì í wọlé o. Abẹ́ igi máńgòrò tó wà níta ló máa ń jókòó sí pẹ̀lú èmi. Bí Fíkà, ìyẹn àlùfáà wọn, bá sọ tirẹ̀ nínú ilé, ẹnu ìyá mi a máa dáhùn níta, wúyẹ́wúyẹ́, kò sì ṣi ọ̀rọ̀ kan sọ. Nígbà tí wọ́n bá ń tò lọ síwájú láti lọ kúnlẹ̀, ó máa ń dákẹ́. Mo bi í nígbà kan pé, "Mummy, why you no go enter?" Ó ní, "Mo ti ṣàdéhùn. Mo ti ní ilé tí mo ti ń jẹun."

Nígbà tí páànù tuntun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé tán lórí ṣọ́ọ̀ṣì wọn ni Fíkà àti Pásítọ̀ wá jókòó ní pálọ̀ wa, torí pé bàbá mi ni olórí àwọn díákónì. Èmi wà lẹ́yìn kọ́tìnnì. Fíkà, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ̀rín rẹ̀ ń mi ilé, ló sọ̀rọ̀. "Pásítọ̀, Bíbélì Yorùbá kan náà là ń kà. Orin kan náà là ń kọ, àfi pé nọ́ńbà rẹ̀ yàtọ̀. Nílé lọ́hùn-ún, àwọn bàbá wa máa ń jùwọ́ síra wọn lójú ọ̀nà ni, oníkálukú a sì kọjá. Níbí, ta la ní ju ara wa lọ? A ti jọ sá òjò. Kí a tó kó kúrò lọ́dọ̀ yín, ẹ jẹ́ ká jọ jẹ Oúnjẹ Olúwa." Pásítọ̀ mi orí, ó ní ó dára, ó sì ní, "Ṣùgbọ́n ọtí ńkọ́?" Áà! Bí ìjà ọtí ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Fíkà ní wáìnì ni wáìnì. Pásítọ̀ ní omi èso àjàrà ni, ẹnì kan kò ní mutí nínú ṣọ́ọ̀ṣì òun. Ife kan ni àbí ife kéékèèké? Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀, wọ́n jẹ búrẹ́dì ìyá mi ní àjẹpọ́nnulá, wọ́n tún jiyàn. Mama Osaro tó ń ká aṣọ gbígbẹ níta kò lè pa á mọ́ra mọ́, ó ní, "Na God food una wan chop, una still dey drag am?" Nígbẹ̀yìn, wọ́n gbà pé kí ife méjèèjì wà lórí tábìlì. Ti búrẹ́dì kò gba àsìkò rárá. Fíkà ní, "Ti Ìyá Fúnmi ni. Ta ló fẹ́ bá ìyẹn jà?" Pásítọ̀ wá sọ gbólóhùn kan tó jẹ́ kí n fẹ́rẹ̀ẹ́ fa kọ́tìnnì já: "Lọ́jọ́ náà, ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣe ìrìbọmi nínú ìjọ tirẹ̀, bó ti wù kó jẹ́, kó wá jẹ."

Eré ni mo sá dé ẹ̀yìnkùlé. "Mummy! Mummy! Dem say you fit chop am!" Ọwọ́ ìyá mi wà nínú ìyẹ̀fun dé ọrùn ọwọ́. Ó dúró. Ó ní, "Sọ ọ́ ní Yorùbá." Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwa ọmọ tí wọ́n tọ́ ní Benin, Yorùbá ń wọ etí wa, àmọ́ kì í tètè jáde lẹ́nu. Mo wá a títí mo fi rí i: "Wọ́n ní ẹ lè jẹ ẹ́." Ó ní, "Tún un sọ." Mo tún un sọ. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín tí n kò rí lójú rẹ̀ rí, bíi ti ọmọdébìnrin. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ yí padà. "Ìyá Àgbà ńkọ́?" ló bi mí.

Ìyá Àgbà kò gbà. Kò jà, kò kígbe, ó kàn ní, "Ẹ máa lọ. Èmi á dúró ti ilé." Ìyá mi náà ní, "Bí Ìyá kò bá lọ, èmi náà ò lọ. N kò lè jẹ oúnjẹ Olúwa kí inú Ìyá máa bàjẹ́ nílé." Bàbá mi bẹ ìyá rẹ̀, ó bẹ ìyàwó rẹ̀, abẹ́rẹ́ gún un lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo òpópónà ń múra, àwọn obìnrin ìjọ méjèèjì ń kọ́ orin pọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ọkùnrin ń yá bẹ́ǹṣì, àwa ọmọdé ń fò sókè bíi tata, àfi ilé wa nìkan ló rí bí ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú aláìsàn. Inú bí mi sí Ìyá Àgbà! Ó ní kí n wá bá òun họ ẹ̀yìn, mo ní mò ń ṣe homework.

Ọjọ́ Sátidé dé. Ìyá mi ń yan búrẹ́dì pẹlẹbẹ náà, ó pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ fíìfíì, nítorí ìjọ méjì. Ìyá Àgbà wà lórí àpótí rẹ̀, ó ń ṣọ́ ọ. Mama Osaro wá gba búrẹ́dì tirẹ̀, ó wo ìyá mi, ó wo Ìyá Àgbà, ó ní, "Mama, abeg. Your pikin wife dey bake am, you dey chop am. She no dey chop am. Between una two, who be stranger for that table?" Ìyá Àgbà kò gbọ́ pijin, tàbí kí n sọ pé ìgbà tó bá wù ú ló máa ń gbọ́ ọ. Ó kọjú sí mi, ó fi oríkì mi pè mí. "Àbẹ̀kẹ́, kí ló wí?" Ọ̀rọ̀ dé! Mo wo ìyá mi, ó mi orí sí mi pé kí n dákẹ́. Mo wo Mama Osaro, ó ní, "Talk am!" Mo túmọ̀ rẹ̀. "Ó ní Mummy ló ń ṣe é, ẹ̀yin lẹ̀ ń jẹ ẹ́. Ó ní nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ni àlejò lórí tábìlì yẹn?" Mo rò pé yóò bú mi. Kò bú mi. Ó ní, "Sọ fún un pé ó ṣeun, kó máa lọ jẹ búrẹ́dì rẹ̀." Àmọ́ kò pẹ́, ó dìde kúrò lórí àpótí rẹ̀, ó wọlé, búrẹ́dì náà kò sì tíì jinná. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Láàárọ̀ Sọ́ńdè, èmi ni mo kọ́kọ́ rí i. Ìyá Àgbà ti jókòó ní pálọ̀, ìró àti bùbá funfun, gèlè funfun, Bíbélì lórí itan. "Ṣé ẹ̀yin ò ní múra ni?" ó ní. "Ṣé ẹ fẹ́ kí àwọn Áńgílíkà gba gbogbo ìjókòó tán?" Mo pariwo débi pé ajá Mama Osaro bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Bàbá mi ki bàtà ọ̀tún bọ ẹsẹ̀ òsì. Ìyá mi kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Àgbà, ó kí i bí ẹni ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé ọkọ, ó sì sáré lọ wẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn, gbọ̀ngàn yẹn kún! Wọ́n jókòó sójú fèrèsé, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, Mama Osaro pàápàá wá, ó ní ìran lòun wá wò. Nígbà tí ìjọ méjèèjì jọ fi Yorùbá gbé orin àkọ́kọ́, tí bàsì àwọn bàbá ń hó lábẹ́, orí mi wú. Ìgbà tó kan jíjẹ oúnjẹ náà ni wọ́n tó rí ohun tí wọ́n gbàgbé. Wọ́n ti jiyàn lórí ọtí, wọ́n ti jiyàn lórí ife, ẹnikẹ́ni kò rántí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀. Àwọn Áńgílíkà, wọ́n máa ń dìde lọ síwájú lọ kúnlẹ̀ ni. Àwa Onítẹ̀bọmi, ìjókòó wa ni oúnjẹ ti ń bá wa. Bí Fíkà ṣe ní kí gbogbo èèyàn wá, ìlàjì ṣọ́ọ̀ṣì dìde, wọ́n ya sí àárín ọ̀nà. Ní àkókò kan náà, àwọn díákónì wa ti gbé àwo, wọ́n ń bọ̀ láti iwájú. Wọ́n pàdé ní àárín! "Ẹ jókòó, à ń bọ̀ wá bá yín!" "Ẹ padà, àwa là ń bọ̀!" Bàbá mi gbé àwo sókè orí kí wọ́n má bàa dà á nù. Pásítọ̀ ń wo Fíkà, Fíkà ń wo Pásítọ̀, ẹ̀rín ti fẹ́ pa àwọn méjèèjì.

Ìyá mi náà ti dìde pẹ̀lú àwọn Áńgílíkà. Kò mọ̀ pé òun dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló rántí. Nígbà tó rí ara rẹ̀ lóòró, ó wo Ìyá Àgbà, ó sì tún fẹ́ jókòó. Ìyá Àgbà ní, "Kí lò ń wò? Fà mí lọ́wọ́, jẹ́ ká lọ." Ìyá Àgbà! Onítẹ̀bọmi tí kò kúnlẹ̀ gba oúnjẹ yẹn rí! Mo tẹ̀ lé wọn, ẹnikẹ́ni kò dá mi dúró. Wọ́n dé iwájú, níbi tí kò sí irin tí èèyàn lè dì mú, wọ́n sì kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì lásán. Bàbá mi rí wọn. Ó yí padà pẹ̀lú àwo rẹ̀, ó ń fi èjìká la ọ̀nà, ó sì bẹ̀rẹ̀ síwájú ìyá mi. Lọ́tẹ̀ yìí, kò wo fáànù. Ó ní, "Ìyá Fúnmi." Ìyá mi mú búrẹ́dì náà. Gbogbo àwọn Áńgílíkà tó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti jẹ tiwọn lójú ẹsẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é. Ìyá mi kò jẹ tirẹ̀. Ó dì í mú ní àtẹ́lẹwọ́, ó ń dúró, bí àwa Onítẹ̀bọmi ṣe máa ń dúró kí ó kárí gbogbo èèyàn. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń wò wá tí à ń ṣe é. Ó dúró títí Pásítọ̀ fi ní, "Ẹ jẹ́ kí a jọ jẹ," òun àti Ìyá Àgbà sì jọ gbé ọwọ́ sẹ́nu. Omijé ń bọ́ lójú ìyá mi, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá tí ó yẹ kí wọ́n dìde, orúnkún Ìyá Àgbà kọ̀ jálẹ̀. "Ẹ ò rí i, ìdí tí àwa kì í fi í kúnlẹ̀ nìyí," ó ní, ohùn rẹ̀ sì dé ẹ̀yìn. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìyá mi gbá a mú lábẹ́ apá, ó gbé e dìde.

Títí dòní ni ìjọ méjèèjì ń ṣe é lọ́dọọdún nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ti mọ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ báyìí: ní ọdún kan wọ́n a rìn, ní ọdún kejì wọ́n a jókòó. Òfin Onítẹ̀bọmi kò yí padà ní oṣù tó tẹ̀ lé e o. Àwo ṣì ń kọjá lójú ìyá mi. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò rí bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí tábìlì wa nílé ní ọ̀sán Sọ́ńdè yẹn. A jókòó ti ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Inú mi ṣì ń dùn, n kò lè jẹun. Mo bi ìyá mi, ní Yorùbá, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀: "Mummy, báwo ló ṣe rí lẹ́nu?"

Ìyá mi dijú bí ó ṣe máa ń dijú lẹ́yìnkùlé tó bá ń tọ́ búrẹ́dì wò. Ó lajú. Ó ní, "Iyọ̀ rẹ̀ ò tó."

Bàbá mi dá òkèlè ọwọ́ rẹ̀ padà sínú àwo.

"Iyọ̀ rẹ̀ ò tó rárá! Gbogbo ọdún tí mo ti ń ṣe é! Ẹ̀ ń jẹ ẹ́ lóṣooṣù, kò sì sí ẹnì kan nínú yín tó lè là á fún mi?"

Bàbá mi wo ìyá rẹ̀. Ìyá Àgbà fọ ọwọ́ rẹ̀, kò kánjú. "Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún?" ó ní. "Ẹni tí kò jẹ ẹ́ rí?" Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ń ti ẹnu òun fúnra rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn náà, ó fa abọ́ iyọ̀ tó wà lórí tábìlì mọ́ra, ó gbé e síwájú ìyá mi.

"Oṣù tó ń bọ̀," ó ní, "kí o tó fi aṣọ wé e, tọ́ ọ wò."